Oòrùn Wà Lórí Òrùlé Fákítìrì, Ẹ Má Fi Gbèsè Kọ́ Wa Lọ́rùn



Gbogbo wa la ti rí ìwé tí àwọn ọ̀gá lẹ̀ mọ́ pátákó lẹ́nu géètì. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì tó ń kó wa wá síbi iṣẹ́ ń jẹ epo jù, àwọn yóò dá a dúró. Dípò rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yóò gba ẹ̀yáwó láti fi ra sólà sílé àti ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, wọn yóò sì máa yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ ìwé náà pé oòrùn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan láàárín wa ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ rọra o. Ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á wò: jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ni fákítìrì yìí ń lò títí di òní.

N kò bá ọkọ̀ oníná jà. Ẹni tó bá rántí oṣù karùn-ún 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti ohun tí kò tó ₦200 kọjá ₦480, kò ní bá ohun tí kì í mu bẹntiróòlù jà. Ọkọ̀ kékeré oníná a máa rin bíi kìlómítà 6 lórí yúníìtì iná kan. Ẹni tó ń rin 60 kìlómítà ní àlọ àti àbọ̀ lójúmọ́ yóò lo yúníìtì 10 tàbí 11. Ní ₦225 tí wọ́n bù lé yúníìtì kan fún àwọn Band A ní oṣù kẹrin 2024 (iye tí NLC àti TUC tìtorí rẹ̀ lọ dí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ iná ní oṣù kejì rẹ̀), kò tó ₦2,500. Bí ọkọ̀ epo bá mu lítà 6 fún ìrìn kan náà, nígbà tí lítà wà ní bíi ₦900 ní 2025, ₦5,400 nìyẹn. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, èrè wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbo lẹ ó ti rí iná náà? Band A ni àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́. Mélòó nínú wa ló ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀? Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kì í gbé ju yúníìtì 2 sí 3 lọ sínú ọkọ̀ ní wákàtí kan, nítorí náà ìrìn ọjọ́ kan péré fẹ́ iná wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún láìṣẹ́jú. Nínú ilé tí ìdílé mẹ́jọ ti jọ ń lo wáyà kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù gbọ́ pé ẹ fẹ́ so mọ́tò mọ́ ọn!

Wọ́n á ní sólà ni yóò ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Páànẹ̀lì 400 wáàtì kan á mú bíi yúníìtì kan ààbọ̀ wá lójúmọ́ bí oòrùn bá dáa. Nígbà òjò, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Páànẹ̀lì méje tàbí mẹ́jọ ni ọkọ̀ nìkan yóò jẹ tán kí ẹ tó tan gílóòbù kan. Èyí tó wá burú jù ni pé ọ̀sán ni oòrùn ń ràn. Níbo ni ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ń wà lọ́sàn-án? Níbí ni! Kí iná ọ̀sán tó lè dúró de ọkọ̀ di alẹ́, ẹ ní láti ra bátìrì ńlá mìíràn sílé, kí ẹ máa tú iná láti inú ọ̀kan sínú èkejì. Ẹni tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù tí òfin 2024 fi lélẹ̀, ìgbà wo ni yóò san án tán? Bí onílé bá sì ní kó kó jáde ńkọ́?

Sólà kékeré fún gílóòbù, fáànù àti tẹlifísàn, ìyẹn dára, ó ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀. Ẹ ṣáà ṣọ́ra fún ayédèrú. Páànẹ̀lì 400 wáàtì gidi gùn tó àgbàlagbà, ó fẹ̀ tó mítà kan, ó sì wúwo tó bíi 20 kìlógíráàmù. Èyí tí ọmọ ilé-ìwé lè fi há abíyá, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, irọ́ ni.

Ta ló wá ní òrùlé tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́? Àwọn tó lẹ ìwé yẹn ni. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ a máa já wa sílẹ̀ láàárọ̀, a sì máa dúró lásán di ìrọ̀lẹ́. Àkókò tí oòrùn mú gan-an nìyẹn. Kí wọ́n to páànẹ̀lì sórí fákítìrì, kí wọ́n ra bọ́ọ̀sì oníná. Kì í ṣe àlá: láti 2023 ni wọ́n ti kó irú bọ́ọ̀sì ńlá bẹ́ẹ̀ wọ Èkó láti dán an wò.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ní Kútọnu àti Lómẹ̀, àwọn ọlọ́kadà kan ń gun alùpùpù oníná. Bí bátìrì bá rọ̀, wọn á lọ pààrọ̀ rẹ̀ ní ibùdó ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Ó yá kánkán, kò ní èéfín. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ni bátìrì ló ń sọ iye tí wọn yóò san. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, wáyà aláwọ̀ ọsàn inú ọkọ̀ wọ̀nyí lè gbé 400 fóòtì, ó ń pani. Kí wọ́n rán yín lọ kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí owó iṣẹ́ yín sì máa wọlé ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fi wà níbẹ̀.

Ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, n óò dá a lábàá pé kí bọ́ọ̀sì má dúró, kí ẹgbẹ́ wa sì bá àwọn ọ̀gá jókòó lórí sólà òrùlé fákítìrì. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ sólà sílé, kí ó kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa léèrè, èlé tiwọn kì í ṣe ti ọ̀gá. Àyè ìbuwọ́lùwé wà ní ojú-ewé kẹta fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó náà. Títí a ó fi ṣèpàdé, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo.