Ikú Tí Kò Ní Àjíǹde Nínú Eré

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ìwé yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àwọn àgbà, ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní Àgídìngbì, ní ẹ̀bá Ìkẹjà, níbi tí ilé iṣẹ́ Cadbury àti ilé tẹlifíṣọ̀n Èkó wà, a rí ọmọkùnrin kan tí ó tẹjú mọ́ fóònù ìyá rẹ̀. Ìyá náà ń ta oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Akọni inú géèmù tí ọmọ náà ń ṣe kú. Lójú ẹsẹ̀ ni fóònù bi í bí ó bá fẹ́ jí i dìde nípa wíwo ìpolówó ọjà. Ó wò ó. Akọni jí, ó tún kú, ọmọ tún wo ìpolówó. Nígbà tí ìyá rẹ̀ yóò fi gba fóònù láti wò bí owó tí oníbàárà kan fi ránṣẹ́ bá ti wọlé, dátà ti tán.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wa jiyàn nípa irú géèmù mìíràn, èyí tí akọni inú rẹ̀ bá kú, tí ó kú pátápátá. Kò sí ìpolówó, kò sí owó, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí ó lè dá a padà. Ẹni tí ó ń ṣe é yóò fi akọni mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan pè é ní ìkà. Àwa gbà pé òun ni ó jẹ́ olóòótọ́ jùlọ.

Irú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Nínú lúdò, ọmọ tí a bá pa yóò padà sí ilé, yóò sì máa retí mẹ́fà kí ó tó tún jáde. Ṣùgbọ́n nínú dráfù, ọmọ tí a bá jẹ ti lọ títí eré náà yóò fi parí. Ẹ lọ wo àwọn àgbà tí ń ta á lábẹ́ igi, bí wọ́n ti ń na ọwọ́ sí ọmọ kan tí wọ́n sì ń fa ọwọ́ padà, tí àwọn òǹwòran ń pariwo lé wọn lórí. Ariwo àwọn onílúdò kò kéré, a gbà, ṣùgbọ́n ìrònú tiwọn fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1980 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Kalifóníà, Michael Toy àti Glenn Wichman, ṣe géèmù tí a ń pè ní Rogue. Kò ní àwòrán. Àmì @ ni akọni, lẹ́tà A dé Z sì ni àwọn ẹranko búburú tí ń dọdẹ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sinmi lè fi eré náà pamọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tún un ṣí, kọ̀ǹpútà yóò pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́, kí ó má ba à fi í sá fún ikú. Ní Jàpáànì, ní ọdún 1990, Fire Emblem jáde, nínú èyí tí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ìwà tirẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ní gbogbogbòò, ẹni tí ó bá kú lójú ogun ti kú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bẹ̀rẹ̀ ogun náà láti orí, kàkà kí wọ́n fi ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́tà àti àwòrán ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀! Ní ọdún 2010 ni wọ́n tó fún àwọn tí kò lè fara dà á láyè láti yàn pé kí òkú padà lẹ́yìn ogun.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn ẹ̀rọ eré tí a ń ju owó ẹyọ sí nínú, bí akọni bá kú, a máa kà sẹ́yìn, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, méje, kí ọmọ lè sáré wá owó mìíràn. Candy Crush Saga, tí ó jáde ní ọdún 2012, fún ènìyàn ní ẹ̀mí 5; èyí tí ó bá lọ yóò gba ìṣẹ́jú 30 kí ó tó padà, àfi bí ó bá rà á tàbí tí ọ̀rẹ́ bá ta á lọ́rẹ. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ti di ẹnubodè, oníbodè sì ti mọ̀ pé ọmọdé kò ní lè ṣàì kọjá.

Ẹlẹgbẹ́ wa kan wí pé ikú tí ó wà láyé tó, kí ni a tún ń wá a sínú eré sí? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, nítorí náà ni a kò fi fẹ́ kí a fi ipá mú ọmọ kankan ṣe é. Kí a sọ òfin rẹ̀ fún un ṣáájú, kí ó sì yàn. Ẹlòmíràn mú ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wá, èyí sì dùn wá, nítorí ọ̀kan nínú wa ti tọ́ akọni kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí iná tó lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. A kò ka ìyẹn sí ikú. Ẹni tí ó bá ṣe géèmù tí ó le tó bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ó máa pa àkọsílẹ̀ mọ́ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó lè jẹ́ pé àṣìṣe aṣeré nìkan ni yóò pa akọni rẹ̀.

A tún rí ọmọ náà ní ọjọ́ tí a kúrò ní Àgídìngbì. Ìyá rẹ̀ ti fi nọ́ńbà àṣírí ti fóònù pa. Ó dúró lẹ́yìn àwọn àgbà onídráfù, ó ń fi ìka hàn wọ́n ibi tí ó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ sí, wọ́n sì ń lé e.