Aṣọ Pọ̀, Àkísà Kò Sí

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìgbéyàwó kan ní Kpankou, ọmọkùnrin kan tó ń gbé ọtí fún àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kùtọ̀nú bu ẹmu sínú gíláàsì. Ó rọra mì ín, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Ó ní ẹmu náà kò dúró lẹ́nu. Ló bá kọjú sí bàbá adẹ́mu tó gbé e wá: "Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí ná?" Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Bó o bá fẹ́ mọ̀, wá bá mi lóko lọ́la kí ilẹ̀ tó mọ́." Ọmọkùnrin náà wo bàtà funfun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti ń pe aṣọ ní ìmọ̀, a sì ń pe àkísà ní òpè.

Ẹ jẹ́ ká ka àkísà bàbá yẹn. Ó mọ ọ̀pẹ tó tó dá àti èyí tí kò tíì tó o. Bó bá wó o lulẹ̀ tán, kì í kánjú; ó máa ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó gbẹ́ ihò sí ọkàn rẹ̀. Ó ń fi iná yọ́ ojú ihò náà kí omi lè máa ro, ó sì ń fá a fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí pé ojú ọgbẹ́ a máa dí. Bó bá fá a jinlẹ̀ jù, ọ̀pẹ bà jẹ́. Agbè tí a bá fọ̀ mọ́ jù, ẹmu inú rẹ̀ á pẹ́ kó tó hó. Èyí tó bá dọ̀tí jù, kíá ni tiẹ̀ á kan. Wáìnì lè jókòó sínú ìgò fún ọdún mẹ́wàá kó máa dúró de ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ó dùn láàárọ̀, ó le nírọ̀lẹ́, ó kan lọ́túnla.

Ẹ ní àwọn onímọ̀ wáìnì kàwé. Mo gbà, ìdánwò Master of Wine tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù lọ́dún 1953 kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2001, ní Bordeaux gan-an, wọ́n fi aró pupa sí wáìnì funfun, wọ́n sì gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ ìmọ̀ wáìnì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń júwe wáìnì pupa ni wọ́n fi júwe rẹ̀. Ojú ló mu ọtí náà. Imú kàn ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni.

Ẹlòmíràn á ní àwọn adẹ́mu kan ń bomi là á, wọ́n ń fi ṣúgà sí i. Iṣẹ́ wo ni kò ní olè?

Amos Tutuola mọ iyì adẹ́mu. Nínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1952, adẹ́mu ọ̀mùtí kan já láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Ọ̀mùtí náà wá ẹlòmíràn títí, kò rí ẹni tó lè dá ẹmu tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìlú àwọn òkú ló wá a lọ.

Àmọ́ mo ti ń na ọmọ ọlọ́mọ jù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ wo la fún un nílé? Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nílé ìwé, a ó ní, "Ẹmu ni wàá máa dá!" Èmi tí mò ń bínú yìí, èmi ni wọ́n rán lọ ra ẹmu ọjọ́ náà. Mo bá bàbá yẹn ná an títí ó fi yọ ọgọ́rùn-ún fàráǹkì kúrò. N kò béèrè iye tí wọ́n ra ìgò wáìnì kankan.

Níbi àsè náà, a tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì fún ìgò. Ilẹ̀ la gbé agbè bàbá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àwọn àlejò. Ọmọkùnrin yẹn kò tíì dé nígbà tí a gbé e síbẹ̀.