Èwo Gan-an Ni Ó Le, Àkọtọ́ Yorùbá Tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì?

Ní GRA ìlú Ìlọrin, kò ṣòro láti rí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó kọ phonics gàdàgbà sí ara pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin yóò jókòó, yóò máa kọrin pé lẹ́tà e tí ó wà ní ìparí ni ó sọ hat di hate, tí ó sì sọ bit di bite. Inú òbí a dùn, a sì san owó rẹ̀ láìjiyàn. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ Yorùbá bá fa igi pupa sí ìdí ọ̀rọ̀ tí ọmọ kan náà kọ láìfi àmì sí i, òbí yìí kan náà ni yóò pariwo pé Yorùbá ti le jù, kí wọ́n má fi àmì orí àti àmì ìdí pa ọmọ òun.

Ẹ wo ìró kan ṣoṣo, ìró i tí Gẹ̀ẹ́sì ń fà gùn. Nínú see, e méjì ni wọ́n fi kọ ọ́. Sea gba ea, field gba ie, receive gba ei, key gba ey, people gba eo, machine sì gba i nìkan. Ọ̀nà méje nìyẹn, wọn kò sì tíì tán. Bí ọmọ bá wá rò pé òun ti mọ ea, kí ó lọ ka bread, great àti heart. Òfin e ìparí náà kò ká have àti come lọ́wọ́ kò.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Láàárín nǹkan bí ọdún 1400 sí 1700, àwọn fáwẹ̀lì gígùn èdè wọn yí ipò padà lẹ́nu àwọn tí ń sọ ọ́. William Caxton sì ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ wọn ní 1476, nígbà tí ìyípadà náà ń lọ lọ́wọ́. Ohùn ń rìn, àkọsílẹ̀ dúró sójú kan. Àjẹkù ìtàn yìí ni ọmọ GRA ń há sórí, tí wọ́n ń pè ní ọgbọ́n.

Yorùbá náà ti ní ìṣòro tirẹ̀ rí. Nígbà kan, lẹ́tà kan ni wọ́n ń kọ, wọn a wá fi àmì tí ó lọ́ bí ejò kékeré sí i lórí: õrùn, ãgo. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ní kí wọ́n kọ fáwẹ̀lì tí ó bá gùn lẹ́ẹ̀mejì: oòrùn, aago. Ohùn méjèèjì rí ibi jókòó. Ẹni tí ó bá kọ eérú kò tún ní í kà á sí èrú. Ooru kò sì ní í di òru. Ohun tí etí gbọ́ ni ọwọ́ ń kọ.

Ìlọrin ni ó tilẹ̀ yẹ kí ó mọ èyí ju ìlú mìíràn lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń kọ́ phonics láàárọ̀ ni ó ń lọ sí ilé kéú lọ́sàn-án. Níbẹ̀, àáfáà kì í gbà kí ó gé ohun tí ó yẹ ní fífà kúrú. Ní èdè Lárúbáwá, kataba ni "ó kọ̀wé". Bí ó bá fa a àkọ́kọ́, tí ó pè é ní kaataba, ó di pé ó ń bá ẹlòmíràn kọ̀wé síra wọn. Etí ọmọ náà ti mọ fífà àti àìfà tipẹ́. Èé ṣe tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé etí rẹ̀ ṣófo?

Fífà nìkan kò sì tó. Ìró inú ship kò sí nínú fáwẹ̀lì àìránmúpè méje tí Yorùbá ní. Àárín i àti e ni ó wà. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé i tirẹ̀ ni ó sún mọ́ sheep yóò máa pe méjèèjì bákan náà títí yóò fi dé ìdánwò Oral English ti WAEC. Olùkọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá lè là á yé e ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdàrúdàpọ̀ mìíràn tún wà: olùkọ́ phonics ní fáwẹ̀lì gígùn ni a inú cake, nígbà tí ọmọ bá dé SS1, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò ní rárá o, diphthong ni.

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fúnni níṣẹ́. Òótọ́ ni, ta ni ó ní kí wọ́n má kọ́ ọ? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni Tunji Alausa, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, kéde ní oṣù kọkànlá 2025 pé wọ́n ti fagi lé. Ibi àpérò British Council ní Àbújá ni ó sì ti kéde rẹ̀!

Mínísítà nìkan kọ́ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá tí ń kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó láìfi àmì sí i ni ó kọ́kọ́ fún òbí lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí ìpàdé òbí àti olùkọ́ bá tún dé, kí òbí tí ó ń san owó phonics béèrè ẹni tí ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá, àti wákàtí mélòó tí ó wà fún un nínú ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọ̀sán Jímọ̀ ni, nígbà tí àwọn ọmọ ti ń di báàgì, kí ó má ṣe jókòó.