PHP kò tíì kú: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ "tuntun" gba owó lọ́wọ́ yín



Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní PHP ti kú, wọ́n ní ará àtijọ́ ni ẹni tó bá ṣì ń fi HTML lásán ṣe ìkànnì. Nítorí èyí, òbí tó ń tajà ní Assigamé ń wá owó ẹ̀kọ́ React kiri fún ọmọ tí kò tíì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú-ewé kan ṣoṣo. Àwa olùkọ́ kò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo ẹ̀rí. Lọ́dún 1995 ni Rasmus Lerdorf gbé PHP jáde. Wikipedia, títí kan ti èdè Yorùbá, orí PHP ló ń ṣiṣẹ́. WordPress náà, PHP ni. Facebook pàápàá, PHP ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2004. Òkú wo ló ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀? JavaScript tí React dúró lé lórí ńkọ́? Ọdún 1995 yẹn kan náà ló jáde. Ẹgbẹ́ ni wọ́n!

Ẹ rántí Novissi, owó ìrànwọ́ tí ìjọba Tógò pín nígbà kòrónà lọ́dún 2020. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni ra fóònù olówó ńlá. USSD ni wọ́n lò, irú nọ́ńbà oníràwọ̀ tí a fi ń wo iye owó tó kù lórí fóònù. Fóònù kékeré oníbọ́tìnì tó o. USSD kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ni pé irinṣẹ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn ló wúlò.

Ìkànnì tí wọ́n fi React ṣe sábà máa ń kó ẹrù JavaScript sórí fóònù oníbàárà kó tó fi ọjà hàn án. Dátà ta ló ń jẹ? Ti oníbàárà ni. PHP ní tirẹ̀ ń se oúnjẹ tán nílé kó tó gbé e fún àlejò.

A ò sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ló dára. Adobe pa Flash tì ní ìparí ọdún 2020. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ lónìí ń fi àkókò ṣòfò. PHP 5.6 náà, láti ìparí ọdún 2018 ni wọn ò ti tún un ṣe mọ́. Ẹni tó bá ṣì ń lò ó ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Ṣùgbọ́n PHP 8 jáde lọ́dún 2020, wọ́n sì ń bá a lọ. Ohun tó dàgbà yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n pa tì. Ẹ má béèrè pé, "Ọdún mélòó ni?" Ẹ béèrè pé, "Ṣé wọ́n ṣì ń tún un ṣe?"

Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ HTML, CSS, JavaScript, PHP àti MySQL. Lẹ́yìn náà, kó kọ́ React, a ò bá a jà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹni tí kò bá gbà, kó fèsì. Ṣùgbọ́n kó mú ẹ̀rí wá o.