Ẹ Lè Rojọ́ Yín Fúnra Yín Láìsí Agbẹjọ́rò, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Lọ Lọ́wọ́ Òfo

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń ta àgbàdo ní agbègbè Kétu. Oníṣòwò kan gba àpò 32 lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn, 20,000 sẹ́fà ni àpò kan, ó di 640,000. Ó san díẹ̀, ó bá dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ títí, ó rán àgbà sí i, kò gbọ́. Ó ní òun ó lọ sílé ẹjọ́, òun ò sì lówó agbẹjọ́rò.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lọ, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Orúkọ inú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ ni wọ́n pè, bẹ́ẹ̀ sì ni Ìyá Alágbàdo ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí. Ó jókòó títí ilé ẹjọ́ fi túká. Wọ́n ti sún ẹjọ́ síwájú lójú ẹ̀ báyìí, kò mọ̀.

Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín nígbà tó délé. Wọ́n ní ta ló sọ fún un pé èèyàn ń lọ sílé ẹjọ́ láìní àfókà. Èmi ò sí lẹ́yìn wọn. Ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́, bí irú èyí tó wà ní Pobẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́, òfin kò fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń béèrè gbèsè kékeré gba agbẹjọ́rò. Ẹ lè dúró fúnra yín. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé Cour suprême ni ẹ ò lè dá a ṣe.

Ṣùgbọ́n n ò sí lẹ́yìn àwọn tó ń sọ pé, "Òótọ́ ni mo ní, òótọ́ á gbè mí" náà. Adájọ́ ò sí lọ́jà lọ́jọ́ tí ẹ gbé àpò fún un. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Kí lẹ fẹ́ gbé síwájú rẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi ara wa nìyẹn kí a tó wọ ọkọ̀.

Òfin OHADA, tí Benin àti Togo jọ ń lò, ṣàánú àwa ọlọ́jà níbí. Láàárín oníṣòwò sí oníṣòwò, onírúurú ẹ̀rí ni adájọ́ lè gbà, títí kan èyí tó wà nínú fóònù. Ìwé àkọsílẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ WhatsApp tó ti kọ pé "màmá, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ méjì sí i", iṣẹ́ owó MoMo tó fi san díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ẹ má pa á rẹ́. Bí fóònù bá fẹ́ bàjẹ́, ẹ tètè ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. (Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà fún oníbàárà láti Ìmẹ̀kọ, ẹ rántí pé Nàìjíríà ò sí nínú OHADA, ẹ máa gba owó yín kí ọjà tó kọjá bodè.)

Òfin yìí kan náà sì ní eyín. Lórí títà àti rírà láàárín àwọn oníṣòwò, ọdún 2 péré ni wọ́n fún ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́. Mo mọ ìyá méjì tó fi gbèsè ọdún mẹ́rin pamọ́ nítorí ojú àna. Àna ò sanwó, ọjọ́ sì ti kọjá.

Ọ̀nà kan wà tó rọrùn fún gbèsè tó dájú: injonction de payer. Ẹ ó kọ ìwé sí ilé ẹjọ́ ibi tí onígbèsè ń gbé. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀yin méjèèjì á wà níbẹ̀, àti iye owó gan-an, bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rí yín. Adájọ́ kì í kọ́kọ́ pe onígbèsè. Tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀, á kọ ìwé àṣẹ, huissier á sì mú un lọ fún onígbèsè. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ san owó huissier, ẹ fi sínú ìṣirò yín. Ẹ má sì gbé ìwé àṣẹ náà sábẹ́ ìrọ̀rí: tí ọjọ́ tí òfin dá bá kọjá kí ó tó dé ọwọ́ onígbèsè, ó ti di òfo. Bí onígbèsè bá ta kò ó, wọ́n á pe ẹ̀yin méjèèjì, adájọ́ á sì kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí ìjà.

Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni huissier mú ìwé wá bá, ẹ má sá gba ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ tí ẹ ní láti fèsì kò pọ̀, inú ìwé yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ wá ẹni tó lè kà á fún yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti èdè. Òfin ilẹ̀ wa ti 11 Oṣù Kejìlá 1990 ló sọ pé Faransé ni èdè ìjọba. A gbà. Ṣùgbọ́n nígbà kejì tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó sọ pé, "Ó san díẹ̀ níbẹ̀." Ọmọkùnrin tó ń túmọ̀ sọ fún adájọ́ pé ọkùnrin náà ti san án. Bí kò bá jẹ́ pé ẹnì kan tó jókòó lẹ́yìn kùn sókè, owó ti lọ nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ máa sọ̀rọ̀ ní kúkúrú, kí ẹ dúró, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá fura, ẹ na ọwọ́ sókè. Kì í ṣe àrífín.

Ó sì yẹ kí ìjọba lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo greffe, ní Yorùbá, ní Gùn, ní Fọ̀n: ohun tí ẹ ó mú wá, iye tí ẹ ó san, ibi tí ẹ ó ti gba rìsíìtì. Kò ná wọn ju bébà lọ. Àìsí rẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó ń dúró sẹ́nu géètì, tí wọ́n ń sọ pé àwọn mọ adájọ́. Ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀.

Ní ti ilẹ̀ ẹbí tí ajogún pọ̀ lórí ẹ̀, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dá a rò. Ẹ béèrè ní ilé ẹjọ́ nípa assistance judiciaire, ó wà fún aláìní. Ìjà kékeré sì wà tó jẹ́ pé tribunal de conciliation lè parí ẹ̀, kí ẹ ṣáà rí i pé wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ti fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé bí wọ́n ó ṣe máa pe orúkọ inú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, kí etí òun lè mọ̀ ọ́n.