Orin tó sùn fún ogójì ọdún ti jí: ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀?

Láti ìgbà tí eré àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní Wednesday ti jáde lórí Netflix ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, orúkọ ẹgbẹ́ olórin kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ rí ti bọ́ sí ẹnu àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé. The Cramps ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́, ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n. Ẹni tó ń ṣáájú orin wọn ti kú láti ọdún 2009. Orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ yìí, ọdún 1981 ni ó jáde. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ń ra ẹ̀wù tí orúkọ ẹgbẹ́ yìí wà láyà rẹ̀, wọ́n ń kun ojú dúdú, wọ́n sì ń wá àwo wọn kiri.

Ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lè bi wá pé kí ló kan ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ará Àjàṣẹ́ nínú orin àwọn òyìnbó tó ń múra bí iwin. Ó kàn wá lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kan tó ti etíkun wa lọ wà nínú orin wọn. Èkejì, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orin wọn yìí ti ṣẹlẹ̀ sí orin tiwa rí, yóò sì tún ṣẹlẹ̀. Owó wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò bá sì tètè múra, ojú lásán ni yóò fi rí i.

Ta ni The Cramps?

Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Orúkọ tí ọkùnrin ń jẹ́ lójú agbo ni Lux Interior, ti obìnrin ni Poison Ivy. Ìpínlẹ̀ California ni wọ́n ti pàdé ní ọdún 1972, wọ́n sì di tọkọtaya. Ní ọdún 1975 wọ́n kó lọ sí New York, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré ní CBGB, ilé ọtí tó di olókìkí nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olórin pọ́ǹkì ti yọrí.

Gáréèjì ni àwọn òyìnbó ń pe irú orin tí wọ́n fẹ́ràn. Ìdí ni pé ní àwọn ọdún 1960, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà máa ń kóra jọ síbi tí bàbá wọn ń gbé ọkọ̀ sí, wọn á gbé gìtá olówó pọ́ọ́kú, wọn á sì máa lù ú bó ṣe wù wọ́n. Orin tí kò gún régé ni, ṣùgbọ́n ó ní agbára. The Cramps mú irú orin yìí, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ariwo pọ́ǹkì, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ òkú, iwin àti òru kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gìtá méjì ni wọ́n ń lò pẹ̀lú ìlù, kò sí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ rárá. Èyí ló mú kí orin wọn máa dún bí ilé tó ṣófo. Poison Ivy ló ń ta gìtá. Lux Interior ní tirẹ̀ a máa yí nílẹ̀, a máa fa aṣọ ara rẹ̀ ya, a sì máa wọ bàtà obìnrin onígìgísẹ̀ gíga. Ẹ̀rù àti ẹ̀rín ni wọ́n ń tà pọ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1978, wọ́n lọ ṣeré fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Napa ní California. Àwọn aláìsàn bá wọn jó, àwọn mìíràn gun orí pèpéle bá wọn kọrin, kò sì sí ẹni tó lé wọn sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fi kámẹ́rà ká eré náà sílẹ̀. Títí di òní, àwọn olólùfẹ́ wọn ń wò ó. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀: àwọn ènìyàn tí ìlú ti tì sẹ́yìn, níwájú olórin tí kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyí ni gbòǹgbò ìfẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé irú orin yìí jẹ́ ẹni tí ó ń rò pé òun kò bá ẹgbẹ́ òun mu. Nínú orin náà, wọ́n rí àwọn mìíràn tó dà bíi wọn. Ní Scotland, wọ́n dá ẹgbẹ́ olólùfẹ́ sílẹ̀ fún The Cramps, tí wọ́n pè ní Legion of the Cramped. Ilé iṣẹ́ ńlá kọ́ ló ń ná owó sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn orin ló ń ṣe é.

Ohun mìíràn tún wà. Lux àti Ivy fúnra wọn, olólùfẹ́ orin àtijọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó di olórin. Wọ́n máa ń lọ ra àwo àlòkù, àwọn àwo kéékèèké tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n mọ́. Nínú irú àwo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí “Goo Goo Muck”, orin tó padà di olókìkí yìí. Àwọn kọ́ ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ronnie Cook àti ẹgbẹ́ rẹ̀, The Gaylads, ló gbé e jáde ní ọdún 1962. The Cramps tún un kọ ní 1981 nínú àwo wọn tó ń jẹ́ Psychedelic Jungle. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Bí orin náà ṣe jí

Nínú eré Wednesday, ọmọbìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lọ sí ibi ijó ilé ìwé. Wọ́n fi “Goo Goo Muck” sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó àràmàǹdà kan. Jenna Ortega tó ṣe ipa náà ló ṣètò ijó náà fúnra rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọmọdé àti àgbà ti ń jó o lórí TikTok. Ní Amẹ́ríkà nìkan, iye ìgbà tí wọ́n ń gbọ́ orin náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójúmọ́ kúrò ní ẹgbẹ̀rún méjì àti díẹ̀, ó sì fò kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí olórin gbogbo mọ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbé ijó náà sórí TikTok, ọ̀pọ̀ wọn yọ orin The Cramps kúrò, wọ́n fi “Bloody Mary” ti Lady Gaga rọ́pò rẹ̀. Orin yẹn náà ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2011. Òun náà jí, débi pé wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sórí rédíò bí orin tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni ijó tó bá orin kan wáyé ṣe di ìpolówó fún orin mìíràn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ ẹni tó ni ìlù. Ohun tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn bá tẹ̀ ló ń gbé lọ.

Ta ni owó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀tọ́ tó wà nínú orin pín sí méjì. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ oko ṣàlàyé rẹ̀. Ẹnì kan ló ni ilẹ̀, ẹlòmíràn ló dáko sórí rẹ̀. Tí irè bá dé, àgbẹ̀ ni yóò kó irè, ṣùgbọ́n yóò san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ẹni tó ronú kan ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ni onílẹ̀. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ sínú àwo ni àgbẹ̀. Nítorí náà, nígbàkigbà tí wọ́n bá lo “Goo Goo Muck” ti The Cramps, ìpín kan ní láti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kọ ọ́ ní 1962, tàbí ẹni tó jogún ẹ̀tọ́ wọn. Ìpín kejì jẹ́ ti ẹni tó ni àtẹ̀jáde ti 1981.

Ta ló wá ni àtẹ̀jáde? Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ olórin ti ń ṣubú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé iṣẹ́ tó náwó sí àwo ni ìwé àdéhùn ń pè ní olóhun, olórin á wá máa gba ìdá kékeré. The Cramps ṣe àwo wọn àkọ́kọ́ lábẹ́ ilé iṣẹ́ I.R.S. Records. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé lórí owó tó yẹ kí wọ́n gbà, tí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Nítorí ẹjọ́ yìí, wọn kò lè gbé àwo tuntun jáde títí di ọdún 1983, nígbà tí òkìkí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Ní ọdún 2001 wọ́n tún jí ilé iṣẹ́ tiwọn, Vengeance Records, dìde, wọ́n sì fi tún àwọn àwo wọn tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn tẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n orin tó wá gba ayé kan ní 2022, inú àwo ìgbà I.R.S. ló ti jáde.

Ọ̀rọ̀ vodun nínú orin òyìnbó

Nínú àwo Psychedelic Jungle kan náà, orin kan wà tó ń jẹ́ “Voodoo Idol”. Gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Vodun ni àwọn Fọ̀n àti àwọn Ewe ń pe ohun tí àwa Yorùbá ń pè ní òrìṣà. Ọkọ̀ ẹrú ló gbé e láti Ouidah àti àwọn èbúté tó yí i ká lọ sí Hàítì. Àwọn onífíìmù Amẹ́ríkà rí i níbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òkú tó ń rìn àti èèyàn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ère rẹ̀. Ojú fíìmù yìí ni The Cramps fi mọ̀ ọ́n. Wọn kò ní ẹ̀tanú sí ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀rù inú fíìmù ni wọ́n fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ léraléra, àwòrán tí yóò wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún wa ní Bẹ̀nẹ̀. Oṣù kìíní ọdọọdún ni ọjọ́ ìsinmi àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ máa ń bọ́ sí, láti ọdún 2024 sì ni ìjọba ti sọ ayẹyẹ náà di Vodun Days ní Ouidah, tí àlejò ń wá láti òkèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, orin àti fíìmù ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà hàn wọ́n. Ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń mú àlejò kiri, gbogbo wọn ni yóò pàdé irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bínú sí wọn. Ẹ ṣàlàyé fún wọn. Yálà Mùsùlùmí ni wá, Kìrìsìtẹ́nì tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ó sàn kí àwọn tó ni ìtàn sọ ọ́ ju kí wọ́n máa gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì.

Orin tiwa náà ti sùn, ó ti jí

Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnù, tí olóògbé Mélomé Clément dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, gba àìmọye orin sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n da ìlù vodun pọ̀ mọ́ gìtá, wọ́n kọrin ní èdè Fọ̀n, Mina, Yorùbá àti Faransé. Púpọ̀ nínú àwo wọn jáde lábẹ́ Albarika Store, ilé iṣẹ́ Adissa Seidou, orúkọ tí kò sí ọlọ́jà tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, nǹkan dẹ̀. Àwọn àwo náà wà nínú eruku.

Àwọn olólùfẹ́ àwo àtijọ́ láti Yúróòpù ló wá gbọn eruku náà nù. Ilé iṣẹ́ Analog Africa láti Jámánì gbé àwo African Scream Contest jáde ní 2008, tó kó orin Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ; wọ́n sì tún gbé ti Poly-Rythmo fúnra wọn jáde. Kò pẹ́ tí àwọn bàbá olórin náà fi rìnrìn àjò lọ ṣeré ní Yúróòpù, lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2011 wọ́n gbé àwo tuntun jáde, Cotonou Club. Mélomé Clément kú ní 2012. Ó jẹ díẹ̀ nínú èrè náà kó tó lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí i jẹ.

Ohun tó mú kí ó ṣeé ṣe ni pé orúkọ wà lára àwo, tí wọ́n sì rí ènìyàn wá kàn. Níbi tí orúkọ kò bá sí, kò sí ẹni tí wọn yóò san owó fún, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ san án.

Kí ló yẹ ní ṣíṣe?

Lónìí, ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu, fóònù ni ọ̀pọ̀ ń nà sókè. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lára ogún tí UNESCO kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orin tí Ẹ̀fẹ̀ kọ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí orúkọ akọrin, láìsí orúkọ ìlú. Bí ó bá di ọ̀la tí onífíìmù kan ní òkèèrè fẹ́ràn rẹ̀, ta ni yóò pè?

Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó kọ orúkọ akọrin, ìlú rẹ̀ àti ọdún sí abẹ́ rẹ̀. Kò náni ní kọ́bọ̀. Olórin tó bá ní orin tirẹ̀, kó lọ forúkọ ara rẹ̀ àti orin rẹ̀ sílẹ̀ ní BUBEDRA, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti olórin ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ará Tógò ní BUTODRA. Bí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn wá, tí kò sì gbọ́ Faransé dáadáa, kó wá ẹni tí yóò kà á fún un kó tó tẹ̀ka sí i. Kó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: lẹ́yìn tí a bá gbà á sílẹ̀ tán, ta ló ni ohùn yìí? Àwọn ọmọ olórin tó ti kú náà, kí wọ́n má ṣe ta àwo àti ìwé bàbá wọn fún ẹni tó ń ra àlòkù láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ń kó orin sínú fóònù àti káàdì fún àwọn oníbàárà lọ́jà náà ní ipa tiwọn. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni, ó yé wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ kí orúkọ olórin wà lára orin tí wọ́n ń kó, tí wọn kò pa á rẹ́, wọ́n ti ran olórin lọ́wọ́.

Ronnie Cook kò lè mọ̀ ní 1962 pé ọmọbìnrin kan yóò jó orin òun níwájú gbogbo ayé lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Àwa náà kò mọ èwo nínú orin Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ni yóò jí lọ́la. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni pé kí orúkọ ẹni tó ni ín wà lára rẹ̀ nígbà tó bá jí. Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà, ẹni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ló ń jàǹfààní rẹ̀.