MỌ́SÀ FÚN ALÁDÙÚGBÒ

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìkéré, ẹ má da ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù nù. Ẹ bó mẹ́rin, ẹ gún un kúnná, ẹ po ìyẹ̀fun àgbàdo ife kan àti iyọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn. Kò fẹ́ ṣúgà. Ẹ fi ṣíbí dá a sínú òróró gbígbóná títí yóò fi pọ́n.

Kí tàkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ṣe opó lọ́wọ́, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, tí òwò rẹ̀ ti dúró. Ewé ni kí ẹ fi wé e, kí ó má baà máa wá ohun tí yóò fi dá àwo yín padà. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré ẹ̀bùn aládùúgbò.